Ohùn Tí Mo Fi Ka Lẹ́tà Sàlísù

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́fà, mo sì fẹ́ kí ó jáde kí èmi náà tó jáde láyé. Èmi Adéyanjú, ọmọ Ìbàfò, tí gbogbo Ìfọ̀ ń pè ní Akọ̀wé, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ikùn mi ti wú, dókítà sì ti dẹ́kun àtimáa fi irọ́ tù mí nínú. Mo fẹ́ fi èdìdì di ìwé yìí, kí n sì gbé e lé Ládi ọmọ mi lọ́wọ́, pé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, tí Sàlísù bá ti kírun tán, kí ó lọ bá a nílé, kí ó jókòó tì í, kí ó kà á sókè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ládi kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí Sàlísù ṣe ń gbọ́ ni òun náà á ṣe máa gbọ́. Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, lókè àti nísàlẹ̀, kí ó má baà ṣi ẹyọ kan ṣoṣo kà, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Sàlísù, mo bẹ̀ ọ́, má dìde kí ó tó kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bí ẹni rere lójú yín. Tábìlì mi wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú téṣàn reluwé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé ní àdúgbò wa, èmi ni ojú rẹ̀. Èmi ni mò ń bá wọn kọ lẹ́tà, èmi ni mò ń ka èyí tó bá dé, ọ̀gá téṣàn pàápàá kì í pín lẹ́tà kankan fúnra rẹ̀ mọ́, èmi ló ń kó gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Kí àgbà ọkùnrin máa wo ẹnu ẹni, kí ó máa dúró de ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀, ó máa ń gun èèyàn lórí. Sàlísù agégi, ọmọ Mowé, ni ọ̀rẹ́ mi tó súnmọ́ mi jù. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa. Nígbà tí ìyá Ládi kú, Sùwéébátù ìyàwó Sàlísù ló gba ọmọ náà mọ́ra, inú àwo kan náà ni òun àti Mùtàlíbù ọmọ tirẹ̀ ti ń jẹun. Mo kọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má baà wá àwáwí fún mi.

Ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀yìn ojú irin. Ṣáájú ìgbà náà, lójú tiwa, ẹni tó bá kàwé, tíṣà ni yóò dà, tàbí akọ̀wé bíi tèmi. Àwọn wọ̀nyí dé, wọ́n ní àwọn á kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ irin, iṣẹ́ iná mànàmáná àti ilé kíkọ́, àwọn á sì fún un ní sàtífíkéètì lé e lórí. Ọdún kan ni ti Ìfọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú ẹnì kan, ẹnì kan péré, nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìjọba á sì rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá l'Ékòó fún ọdún mẹ́ta. Sàtífíkéètì ti ibẹ̀, láti Ìlú Ọba ló ti ń wá. Wọ́n ní ẹni tó bá tún ta yọ níbẹ̀ lè dé òkè òkun, kí ó gba dìgírì bọ̀. Bíríkìlà tó ní dìgírì! A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ máńgòrò títí omi fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ, èmi àti Sàlísù ni a kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ládi àti Mùtàlíbù wọ kíláàsì ilé kíkọ́ pọ̀.

Ọláwùnmí ni orúkọ tíṣà wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó sì fẹ́ràn Yorùbá débi pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe "bíríkìlà" níwájú rẹ̀. Ó ní kí ni Yorùbá ṣe tí a kò fi ní lò ó? Kọ́lékọ́lé ló ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ládi máa ń sọ ọ́ nílé, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n Mùtàlíbù kì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀, kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwé wálé, Sàlísù kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Bíríkìlà ni ó ń pe iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, Ọláwùnmí ní kí kíláàsì náà kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sínú ọgbà, ilé tí wọn yóò ti máa kọ́ṣẹ́. Ládi mọ bíríkì tò, n kò ní purọ́ mọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo lọ wò ó fúnra mi, ògiri tí Mùtàlíbù mọ, bí o bá fi okùn wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yà, bó ti wù kó kéré tó. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nínú ọgbà ilé ìwé. Ṣọ́bìrì lọ, súmẹ́ǹtì lọ, gbogbo Ìfọ̀ sì di ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tí ojú kò tẹ̀lé. Wọ́n ń wo ẹni tó bá gbé àpò, wọ́n ń wo ẹni tó bá tún ilé ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n mú ọlọ́dẹ ilé ìwé náà pẹ̀lú ẹrù náà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àsìkò Iléyá ọdún 1953 ni lẹ́tà náà dé. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, Mùtàlíbù sì ti lọ sí Mowé lọ rẹ́ ògiri ilé ìyá bàbá rẹ̀. Mo rí orúkọ Sàlísù lẹ́yìn àpòòwé náà, mo wá ti Ládi nínú àwọn yòókù, n kò rí i. Nígbà yẹn ni mo ti mọ̀. Sàlísù àti Sùwéébátù wá lọ́sàn-án, mo ṣí i níwájú wọn, mo sì kọ́kọ́ fi ojú kà á. Nítorí pé bàbá ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni Ọláwùnmí fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwé ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ òyìnbó ni. Kò ní àmì ohùn, kò ní àmì abẹ́. Bí ó ṣe rí nìyí, mo mọ̀ ọ́n sórí bí Àdúrà Olúwa: "Si Ogbeni Salisu. E ku ise omo. A ti ri i daju pe kolekole ni Mutalibu omo yin. O ko ile ise wa loju gbogbo wa. E je ki o wa ni ojo Aje ti n bo, ki o wo aso ti o mo, ki a le fa a le oyinbo ijoba lowo. Emi Olawunmi, Oluko." Kò sí ohun tó rú mi lójú níbẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú mi bà á ni mo ti gbọ́ ohùn Ọláwùnmí nínú rẹ̀, bí ó ṣe ń fi ọmọ náà yangàn.

Sàlísù ní, "Akọ̀wé, kí ni wọ́n wí? Ṣé kò sí?" Ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo fẹ́ kí ó kúrò lójú rẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan péré, mo sì la ẹnu mi, mo kà á pé: "A ti rí i dájú pé kólékólé ni Mùtàlíbù ọmọ yín. Ó kó ilé iṣẹ́ wa lójú gbogbo wa." Kọ́lékọ́lé ló wà níbẹ̀, kólékólé ni mo pè. Ó kọ́ ilé iṣẹ́ wọn, mo ní ó kó o. N kò fi lẹ́tà kan kún un, n kò sì yọ lẹ́tà kan kúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, bí ẹni pé mo ṣe nǹkan gidi. Ẹ̀rín náà kúrò lójú Sàlísù lóòótọ́. Mo ṣì lè sọ pé, "Àṣìkà ni, ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ló ń ṣe bàìbàì." Èdè wa gbà á, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́. Mo ń kà á lọ ni, mo dé "kí a lè fà á lé òyìnbó ìjọba lọ́wọ́." Òyìnbó tó fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí Èkó ni lẹ́tà náà ń wí. Ohun tí Sàlísù gbọ́ ni ẹ̀wọ̀n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn, ó ń sọ pé, "Àsítágàfúrúlà. Àsítágàfúrúlà. Ọmọ tèmi."

Sùwéébátù kò jókòó. Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Ládi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Mo tún un kà, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ó ní, "Wọ́n ní kó wọ aṣọ tó mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Olè wo ni wọ́n ń sọ fún pé kó wọ aṣọ tó mọ́ wá? Ṣé wọn kì í wá mú olè nílé ni? Wọ́n tún ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ." Mo ní, "Ìyá Mùtà, òyìnbó kì í fẹ́ ìdọ̀tí ní kóòtù rẹ̀. Ní ti ẹ kú iṣẹ́ ọmọ yẹn, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yín ni." Ìdáhùn yá lẹ́nu mi débi tí èmi gan-an fi bẹ̀rù ara mi. Sàlísù jágbe mọ́ ọn pé kó fi mí sílẹ̀, pé ṣé Akọ̀wé ló jalè ni? Síbẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára mi. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́.

Mùtàlíbù mọ̀wé. Tí lẹ́tà yẹn bá kàn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mi ti parí nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe fà sún mọ́ Sàlísù, mo sọ̀rọ̀ sí i létí bí ọ̀rẹ́ tòótọ́. Mo ní, "Má jẹ́ kí ìwé yìí sùn nílé rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, o kò ní lè yọjú sí mọ́ṣáláṣí mọ́." Ó ní kí ni kí òun ṣe. Mo fún un ní ìṣáná. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sun ìyìn ọmọ rẹ̀, èmi sì dúró tì í títí ó fi di eérú.

Ọjọ́ Sátidé ni Mùtàlíbù dé láti Mowé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọmọ náà ń fi Àlùkùránì búra, bàbá rẹ̀ ń sọ pé kó má ba Àlùkùránì jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì ń sunkún pé kó sá, kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Hàkímù, ọmọ Mowé kan tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin, ń gbé ní Jẹ́bà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kí reluwé òkè tó dé, ó wá sí ìdí tábìlì mi pẹ̀lú ẹrù kékeré, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí ni lẹ́tà yẹn wí gan-an?" Mo ní, "Bí bàbá ẹ ṣe sọ ọ́ fún ẹ ni." Ó ní, "Ṣé Tíṣà Ọláwùnmí fúnra wọn ló kọ orúkọ sí i?" Mo ní àwọn ni. Ó ní, "Àwọn kan náà tó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba tọ́wẹ̀lì lọ́wọ́ mi?" Tọ́wẹ̀lì ni irin tí wọ́n fi ń tẹ́ súmẹ́ǹtì. Ó tún ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bi wọ́n?" Ibẹ̀ ni mo ti lè gbà á là. Mo ní, "Tí o bá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mú ọ. Reluwé ti ń bọ̀." Ó wọ reluwé, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọláwùnmí wá mi wá sí abẹ́ máńgòrò, inú ń bí i. Ó ní àwọn retí Mùtàlíbù títí, òyìnbó sì bínú lọ. Mo ní ọmọ náà ti lọ sí òkè lọ ṣòwò, pé ó ní òun kò ṣe bíríkìlà mọ́, pé kó má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ wọn?" Mo ní, "Ó dé. Èmi ni mo kà á." Ó ní, "Ṣé ẹ kà á dáadáa?" Mo ní, "Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe kà á." Ó fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Wọ́n mú Ládi dípò rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí Ládi ń lọ sí Èkó, Sàlísù wá gbàdúrà fún un, ó gbé àpótí rẹ̀ lórí dé téṣàn. Mo rí i bí ó ṣe ń gbé e, mo sì ń bá a rìn.

Láti ìgbà yẹn ni ìfura ti ń jẹ mí. Nígbà tí wọ́n mú ọlọ́dẹ ilé ìwé, mo yára sọ fún Sàlísù pé ọkùnrin náà àti Mùtàlíbù ni wọ́n jọ ń jalè. Bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, lójú mi, èmi ni wọ́n ń sọ. Bí Sùwéébátù bá kọjá lójúde mi láìkí mi, mo rò pé ó ti mọ̀. Bí Ládi bá wálé fún ìsinmi, tó sì sọ pé òun pàdé ẹnì kan láti ilé ìwé Ìfọ̀, mo máa ń bi í títí yóò fi sọ orúkọ ẹni náà fún mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni Mùtàlíbù kọ láti Jẹ́bà. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó pamọ́. Nínú èyí àkọ́kọ́, ó ní, "Baba mi, mi o jale." Ó ní òun ń ru bíríkì àti súmẹ́ǹtì fún àwọn bíríkìlà, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ẹni tí kò ní sàtífíkéètì ní ògiri mọ.

Ládi, mo mọ̀ pé o fẹ́ dá a dúró báyìí. Máa kà á lọ. Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún 1957, Sàlísù wá bá mi lábẹ́ máńgòrò. Ó ti rù. Ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé kó máa bọ̀. Bó jalè, kó máa bọ̀ náà, ọmọ mi ni. Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún Ọlọ́hun." Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó súre fún mi, ó lọ. N kò fi ránṣẹ́. Tí Mùtàlíbù bá dé, yóò bi Ọláwùnmí, Ọláwùnmí yóò bi mí, ọdún yẹn gan-an sì ni sàtífíkéètì Ládi dé láti Ìlú Ọba. Oṣù lé oṣù, Sàlísù á dé, á ní, "Ṣé kò tíì fèsì?" Èmi á ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí le lọ́kàn." Ọkùnrin náà dárí ji ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́, èmi sì fi ìdáríjì náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958, Sùwéébátù dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Ó ní, "Bàbá Ládi, ẹ ka lẹ́tà yẹn fún mi." Mo ní, "Ìyá Mùtà, a ti sun ún." Ó ní, "Mo mọ̀. Ó wà lórí yín. Ẹ kà á." Ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ mi ló dùbúlẹ̀ yìí o. Kò lè dìde lọ rojọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tí òtítọ́ lè bà jẹ́ fún mi nínú yàrá yẹn, ohùn méjèèjì sì wà lórí ahọ́n mi. Mo la ẹnu, mo ní, "A ti rí i dájú pé kólékólé ni Mùtàlíbù ọmọ yín." Mo kà á dé òpin. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò ní ìdí mìíràn. Ó pa ojú dé, ó tẹ́tí, lẹ́yìn náà ó ní, "Irọ́ ni. N kò mọ ibi tí irọ́ náà wà níbẹ̀, àmọ́ irọ́ ni." Ó kọjú sí ògiri. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ó ti kú. Sàlísù ní kí n kọ̀wé sí Jẹ́bà láti sọ fún wọn. Mo ní mo ti kọ ọ́. N kò kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé fún bàbá àti ìyá yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ọ̀nà kankan tó fi lè mú yín, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ìwà náà burú. Ládi, o kò mọ̀ sí i. Ohun tí wàá ṣe pẹ̀lú sàtífíkéètì rẹ wà lọ́wọ́ ẹ. Bí o kò bá sin mí dáadáa, mo gbà. Àpótí mi kò ní kọ́kọ́rọ́. Kó lẹ́tà Mùtàlíbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kó o ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ yìí, kó o sì fún un ní lẹ́tà tirẹ̀ tó tẹ àtàǹpàkò sí.

Sàlísù, ọ̀rẹ́ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí, ṣùgbọ́n má fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ mi báyìí, má sì wá wò mí. Reluwé òkè á kọjá lọ́la. Ilé Hàkímù lọ́wọ́ afárá, ní Jẹ́bà, ni Mùtàlíbù ṣì wà. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ṣì ń kí i, ó ń béèrè bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Tí o bá rí i, kí o tó ròyìn mi fún un, kọ́kọ́ sọ fún un pé obìnrin náà kò gbà lọ́jọ́ kan pé olè ni òun bí.